Àgbọ́sọ Tó Lé Sìdíkátù Kúrò ní Kíláàsì Mi

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànbí ọmọ mi,

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí o wá ẹni tí yóò bá ọ wo òrùlé ilé tí o gbà yẹn kí òjò tó dé. Mo ti jíṣẹ́ tirẹ̀. Tèmi ló kù, ó sì gùn, nítorí náà wá àyè jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí o pè mí, mo gbọ́ ayọ̀ lóhùn rẹ kí o tó sọ̀rọ̀. O ní wọ́n ti gbé ọ lọ sí Òṣogbo láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé ìwé tí èmi gan-an ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi ọ́ sí. Mo pariwo títí bàbá rẹ fi jáde wá wò mí. Lẹ́yìn náà o rẹ́rìn-ín, o ní, "Mọ́mì, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àkànlò èdè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ká pe 'old wives' tale' ní Yorùbá?"

Mo ní n ó pè ọ́ padà. N kò pè ọ́. O tún pè lẹ́ẹ̀mejì, mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, mò ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, kí n lè yẹ ìbéèrè rẹ sílẹ̀. Bóyá o rò pé mo ti gbàgbé ni. Mi ò gbàgbé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn nìkan ni mi ò lè gbọ́ kí n má rántí ọmọ kan. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ìwọ á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," èmi náà á sì yára fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn bíi tíṣà. Old wives' tale ni ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n gbà gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, tí kì í sì í ṣe òótọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àìsàn, oyún àti ọmọ títọ́ ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní ẹni tó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọmọ kò ní jẹ́ kí ọmọ náà ga mọ́, o lè dá a lóhùn pé, "That is just an old wives' tale." Kọ́ wọn pé ẹ̀yìn lẹ́tà "s" ni àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní "apostrophe" ń wà, nítorí àwọn "wives" náà pọ̀. Kí o sì là á yé wọn pé ó yàtọ̀ sí irọ́. Ẹni tó ń parọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ẹni tó ń sọ èyí gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dé kíláàsì mi, ẹ̀tẹ́ ni mo fi gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì ni. Àwọn ọmọ Òṣogbo ń fi ohùn Ìjẹ̀ṣà mi ṣẹ̀rín, nítorí bí mo bá gbàgbé ara mi, "ulé" ni mò ń pe ilé. Mo ti pinnu pé n kò tún ní fún wọn láyè láti rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ kan wá rí "old wives' tale" nínú ìwé kíkà, ó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. N kò rí i rí láyé mi. Ìwé atúmọ̀ èdè wà lórí tábìlì mi, ojú sì ń tì mí láti ṣí i. Ni mo bá ní, "Old wife, ìyáálé nìyẹn. Ìtàn tí ìyáálé máa ń sọ láti ba ìyàwó kékeré jẹ́." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ilé olórogún pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gbé e délé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan wọlé wá tòun ti gèlè ní ìbàdí, ó ní, "Níbo ni tíṣà Ìjẹ̀ṣà tó ní ìwé òyìnbó ti sọ pé òpùrọ́ ni mí wà?"

Ọ̀gá ilé ìwé ló bá mi tù ú nínú. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè síwájú mi. Láyé àtijọ́, obìnrin lásán ni àwọn òyìnbó ń pè ní "wife", ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ. Ó ní, "Míìsì, 'Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká wò ó pa pọ̀' kò pa tíṣà kankan rí." Àkànbí, ìmọ̀ràn kìn-ín-ní nìyẹn, ti ọ̀gá mi ni, kì í ṣe tèmi. A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Ìkejì: bí o bá ń túmọ̀ rẹ̀, má pè é ní ìtàn àwọn ìyá arúgbó. Àgbọ́sọ ni kí o pè é. Àgbọ́sọ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òyìnbó ló di ẹrù yẹn lé àwọn obìnrin àgbà lórí, àwa kọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa rí àyàfi bàbá rẹ, mi ò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún òun náà.

Ní ọdún kejì tí mo dé ibẹ̀, mo tún fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti mọ̀ ọ́n dunjú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù, mo ní kí oníkálukú mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilé. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tó ń jẹ́ Sìdíkátù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó o nínú kíláàsì náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ṣe fọ́ńté. Ó nawọ́, ó dìde. Ó ní, "Mà, ìyá bàbá mi ní tí ọmọdé bá ń jẹ ẹyin, á di olè. Ṣùgbọ́n bàbá mi jẹ ẹyin ní kékeré, kò jalè rí." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Excellent, Sìdíkátù! Ohun tí o ṣe yẹn ni à ń pè ní yíyẹ̀ wò."

Ó jókòó. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tó fi ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí, ìfofò ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ mi, mo mọ ohun tó yẹ kí n kọ síbí. Ó yẹ kí n kọ pé mo sáré lọ bá a. Ẹ̀yìn ni mo sún sí. Mo sún títí ẹ̀yìn mi fi kan bọ́ọ̀dù, mo sì kígbe sí àwọn ọmọ pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má tẹ itọ́ yẹn! Ẹ jáde!" Wọ́n tú jáde. Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọmọ ọlọ́mọ lórí sìmẹ́ńtì, orí rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.

Níbo ni mo ti kọ́ ọ? Ní Ìwàrà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ, nígbà tí n kò tíì tó ọmọ ọdún méje. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ní wárápá. Bó bá ti ṣubú, gbogbo àdúgbò á fọ́nká, wọ́n á máa pariwo fún àwa ọmọdé pé ẹni tó bá tẹ itọ́ rẹ̀, wárápá á mú un. Mo kàwé dé yunifásítì, ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ibẹ̀, ó sì bá mi gboyè jáde. Ohun tí ènìyàn ti kọ́ kó tó mọ ìwé kà, kò sí olùkọ́ tó ń bá wa máàkì í. Ìwọ ni o ní láti fúnra rẹ mú un jáde, kí o wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé, tí à ń pè ní Ìyá Ráfátù, ló gbọ́ ariwo wa. Arúgbó ni, kò mọ lẹ́tà kan. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní "Bísímílláì," ó kúnlẹ̀ ti Sìdíkátù. Ó ti bẹ́ǹṣì sẹ́yìn. Ó fi ìborùn rẹ̀ sábẹ́ orí ọmọ náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìfofò náà.

Mo ní, "Ìyá! Ẹ ṣọ́ra! Ó máa ràn yín!"

Kò wojú mi. Ó ní, "Tíṣà, itọ́ lásán ni. Ọmọ àbúrò mi ní irú ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń nù ún lẹ́nu, ó sì ti bímọ báyìí. Ẹ dákẹ́ ariwo, ó ń padà bọ̀."

Ó padà bọ̀ lóòótọ́. Ó lajú, kò mọ ibi tó wà. Ó wo Ìyá Ráfátù, lẹ́yìn náà ó wò mí lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí. Àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé. Lára bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ṣì wà níbẹ̀.

Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Nígbà tó padà sílé ìwé, mo mú un kúrò lórí bẹ́ǹṣì iwájú, mo gbé àga tirẹ̀ lọ sí ìkángun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun nìkan. Mo ní nítorí kó lè máa rí atẹ́gùn ni. Àwọn ọmọdé kì í gbọ́ ohun tí a ń sọ, ohun tí a ń ṣe ni wọ́n ń rí. Ẹni tó ń bá a ṣeré tẹ́lẹ̀ kò bá a ṣeré mọ́. Ọwọ́ tó máa ń nà sókè kò nà mọ́. Kí táàmù náà tó parí, kò wá mọ́.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi. Ó dúró, ó bọ́ fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. "Tíṣà, ọmọ yìí ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, kò sì sọ ìdí ẹ̀. Ó fẹ́ràn yín púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá bá mi pè é, á gbọ́ tiyín."

Mo ní, "Bàbá, ìlera ló ṣe kókó. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àkànbí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Àwọn ènìyàn ti bú mi rí láyé, mo ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù. Ọpẹ́ ọkùnrin yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn ọ́. Nígbà tí o di ọmọ ọdún méjì, ibà mú ọ níbí ní Iléṣà. Ara rẹ gbóná bí ààrò, gìrì sì dé. O le gbandi lọ́wọ́ mi, ojú rẹ yí, ìfofò yọ lẹ́nu rẹ. Mo fi ọwọ́ nù ún. Mo fi ẹnu mi kan ẹnu rẹ. Mo gbé ọ mọ́ra, mo sáré wọ títì láìwọ bàtà. N kò rántí Ìwàrà, n kò rántí pé ohunkóhun lè ràn mí. Lẹ́yìn tí ara rẹ balẹ̀ ní ọsibítù, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo rí i pé itọ́ rẹ ti gbẹ mọ́ mi láṣọ. Ìgbà náà ló wá yé mi. Ẹ̀rù tó lágbára tó láti lé mi sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kò lágbára tó láti lé mi lọ́dọ̀ ọmọ tèmi.

Mo bi nọ́ọ̀sì kan nípa wárápá. Ó ní ọ̀tọ̀ ni gìrì ibà, ọ̀tọ̀ ni wárápá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ràn nínú àwọn méjèèjì. Ó ní inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá, pé itọ́ kò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni, pé oògùn wà tí ọ̀pọ̀ ń lò tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ajé wọn. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá tèmi lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni n kò dìde. Iléṣà sí Òṣogbo kò jìnnà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. N kò lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo ní ọmọ kéré, mo ní ó ti pẹ́ jù, yóò ti gbàgbé. Ìyẹn náà, àgbọ́sọ tí mo sọ fún ara mi ni. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ìbéèrè rẹ lórí fóònù ló gbé mi dìde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láìsọ fún ọ. Mo bèèrè agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá Ráfátù náà ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Sìdíkátù fún mi. Télọ̀ ni. Aṣọ ilé ìwé ló kún ara ògiri rẹ̀, ti ilé ìwé rẹ wà níbẹ̀, mo dá àwọ̀ rẹ̀ mọ̀.

Mo kí i. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Tíṣà Ìjẹ̀ṣà." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fún mi lága, ó bu omi wá.

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Mo ti ń kúnlẹ̀ nígbà tó di èjìká mi mú. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mà. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti Ìwàrà, mo sọ ti àga, mo sọ ohun tí mo wí fún bàbá rẹ̀. Kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń dún, ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní, "Mo lo oògùn, mo gbádùn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ṣubú kẹ́yìn, àlùhàmúdùlíláì. Wárápá kọ́ ló lé mi kúrò nílé ìwé, mà. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà yẹn ni. Nígbà tí mo lajú, mo rí ojú yín. Mo ní tí tíṣà mi tó mọ gbogbo nǹkan bá ń bẹ̀rù mi báyìí, a jẹ́ pé nǹkan burúkú ni mí."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ìyẹn náà ni. N kò bèèrè ju ìyẹn lọ, nítorí n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nítorí náà, Àkànbí, gbọ́ èyí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Bí ọmọ kan bá ṣubú ní kíláàsì rẹ, sún mọ́ ọn. Ti àga àti ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, yí i sí ẹ̀gbẹ́, tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, má sì dì í mú. Wo aago, bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó bá lajú, jẹ́ kó jẹ́ pé ojú rẹ ni yóò rí, kí ojú náà sì tutù. Lọ́jọ́ kejì, ibi tó ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ ni kó tún jókòó sí.

Kí n tó kúrò, mo sọ fún un pé ọmọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwé náà. Ó gbójú sókè. Ó ní ọmọbìnrin òun àbígbẹ̀yìn wà níbẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ràn jù. Inú mi dùn bí ẹni rí ọ̀nà àtisan gbèsè. Mo ní, "Kí lorúkọ rẹ̀? N ó sọ fún Àkànbí kó mójú tó o dáadáa."

Ó mirí. "Mi ò ní sọ fún yín, mà. Mi ò fẹ́ kí tíṣà mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹ sọ fún un kó mójú tó gbogbo wọn."

N kò tún bèèrè mọ́, kò sì sọ. N kò mọ orúkọ ọmọ náà, ìwọ náà kò sì ní mọ̀ ọ́n. Bí o bá wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, tí o kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́ọ̀dù, tí o yíjú sí wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jẹ́ òun.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ, kó sì fún ọ ní ẹsẹ̀ tó ń lọ síwájú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.